Ìwọ̀, Ìjẹ Ẹja àti Ohun tó Pa Ìyá Rẹ

Ilé wa, Ará-Èkìtì,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò.

Mọ́dúpẹ́, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń na Ìjerò sí Àkúrẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà. Inú mi dùn pé wọ́n ti fún ọ ní yàrá, inú mi sì dùn pé àwọn ọ̀gá rẹ níbi adágún ẹja ìjọba kò fojú kéré rẹ nítorí pé o jẹ́ obìnrin. O ní wọ́n fẹ́ kí o máa fi ìwọ̀ mú àwọn ẹja òyìnbó ńlá tí ẹ ń pè ní káàpù inú adágún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì dá wọn padà, torí pé àwọ̀n ń bó ìpẹ́ wọn. O ní o ju ìwọ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lo rí fà jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọ̀rọ̀ ẹja ti pa mí lẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

O wá bi mí pé irú ìwọ̀ wo, irú okùn wo, irú ìjẹ wo. Lẹ́yìn tí o ti kí mi pé ó dìgbóṣe, o tún fi gègé kín-ín-kín-ín kọ nǹkan kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. O ní àwọn ará ilé Akin àfẹ́sọ́nà rẹ ní Ẹfọ̀n ti dákẹ́ láti ìgbà tí alárinà wọn ti wá ṣe ìwádìí ní ìlú wa, pé ẹnì kan sọ fún wọn pé wárápá ló pa ìyá rẹ, wọn kò sì fẹ́ kí àìsàn bẹ́ẹ̀ wọ ìdílé wọn. O ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, bóyá kì í ṣe ìpín mi ni."

Ọmọ mi, ìbéèrè méjì lo bi mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo lo fi àmì ìbéèrè sí. N óò dáhùn méjèèjì. Ti ìwọ̀ ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ló rọrùn, àti nítorí pé ojo ni bàbá rẹ. Má rò pé mo gbójú fo èkejì. Òun gan-an ló mú kí ìwé yìí gùn. Jọ̀wọ́, jókòó kà á, má kà á lórí ìdúró bíi tèmi, má sì kà á níwájú ẹnikẹ́ni.

Èkínní, ìwọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo gbà pé ìwọ̀ ńlá ló ń mú ẹja ńlá. Mo lọ ra ọ̀kan ní ọjà Àràmọ̀kọ tó gùn tó ìka ọwọ́ mi, mo sì gbé e kiri odò ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ẹja ń jẹ ìjẹ mi, wọ́n ń fi irin sílẹ̀ fún mi. Bàbá mi, bàbá àgbà rẹ tí o kò bá láyé, wò mí títí ó fi sú u. Ó ní, "Ẹnu ẹja ni à ń wò ra ìwọ̀. A kì í wo ikùn ọlọ́bẹ̀." Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì, nígbà tó di ọjọ́ kẹta mo lọ pààrọ̀ ìwọ̀.

Káàpù tí o júwe fún mi, pé ẹnu rẹ̀ rọ̀, ó sì ń nà síta bí ẹnu ẹni tó fẹ́ súfèé, pé ó ní irùngbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, pé ìsàlẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ ló ti ń jẹun, èyí ń sọ fún mi pé ẹja tó ń fa oúnjẹ mu ni. Kì í gbé e mì káló bí àrọ̀. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ máa ń tú ohunkóhun tó bá le lẹ́nu rẹ̀ dànù kí o tó mọ̀ pé ó dé. Nítorí náà, ìwọ̀ kékeré ni kí o rà, tí irin rẹ̀ nípọn, tí ọrùn rẹ̀ kò gùn. Kó lè gba hóró àgbàdo méjì, kí ṣóńṣó rẹ̀ ṣì yọ síta díẹ̀. Fi ṣóńṣó náà ha èékánná àtàǹpàkò rẹ. Bó bá há, ó mú. Bó bá yọ̀, ó ti kú, pọ́n ọn tàbí kí o jù ú nù. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò ti fẹ́ pa ẹja náà, fi ayùn irin fá eyín kékeré tó wà lẹ́yìn ṣóńṣó náà dànù, kí o lè yọ ọ́ láìfa ẹnu rẹ̀ ya. Bàbá mi ìbá rẹ́rìn-ín kú, bó bá gbọ́ pé wọ́n ń san owó oṣù fún ọmọ ọmọ òun kó lè máa mú ẹja kó sì máa dá a padà sómi.

Èkejì, okùn. Ra okùn ọ̀rá tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì yi, má rà á lọ́dọ̀ ẹni tó bá ń pàtẹ rẹ̀ sínú oòrùn, nítorí pé oòrùn máa ń gbó o láìjẹ́ kó hàn lójú. Fi itọ́ rin kókó rẹ kí o tó fà á le. Ọ̀rá gbígbẹ máa ń jó ara rẹ̀ bí a bá kánjú fà á. Ní ọdún tí a bí ọ, mo mú àrọ̀ kan tí orí rẹ̀ tó orí ọmọ ọwọ́, mo ti fà á dé etí bèbè kí okùn tó já níbi kókó tí mo fi ìkánjú so. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá rẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti bi í pé kí ló wà nínú ọbẹ̀, á ní, "Àrọ̀ tó já ni." Ìyá rẹ nìyẹn. Ó mọ ọmọ èèyàn fi rẹ́rìn-ín, kò sì ní ìkanra nínú. "Orogún mi" ló máa ń pe odò.

Òjé kékeré kan tó ìwọ̀n hóró ẹ̀wà ti tó fún adágún tí omi rẹ̀ kò ṣàn. Jẹ́ kó jìn sí ìwọ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí ẹja má baà mọ ìwúwo rẹ̀ nígbà tó bá ń fa ìjẹ. Ọ̀pá oparun tó gbẹ dáadáa dára ju ọ̀pá olówó gọbọi lọ. Kí òjìji rẹ má ṣe bọ́ sórí omi. Má sáré kiri bèbè, ẹja ń gbọ́ ẹsẹ̀. Kí o tó ju ìwọ̀ rárá, máa da ẹ̀kúnwọ́ ìjẹ méjì síbi kan náà ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, láìsí ìwọ̀ nínú rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n jẹ, kí wọ́n yó, kí ọkàn wọn balẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni kí o tó fi ìwọ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta tí o fi ju ìwọ̀ lásán yẹn, ó yẹ kó jẹ́ oúnjẹ lo fi ń ṣe wọ́n lálejò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìjẹ. Rẹ àgbàdo gbígbẹ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, sè é títí èékánná yóò fi wọ inú hóró rẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀ nínú omi rẹ̀ títí tí yóò fi kan díẹ̀. Irú ìjẹ kejì ni ìṣù gààrí: gààrí, irú tí a gún, àti epo pupa gbígbóná, kí o pò ó títí tí yóò fi di mọ́ra, kó má tú nínú omi. Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó pò ó, má fi ọwọ́ ọṣẹ tàbí ọwọ́ kẹrosíìnì kàn án, torí pé imú ẹja mú ju imú wa lọ. Òfin kan sì wà tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, tí bàbá tirẹ̀ náà fi lé e lọ́wọ́: ìjẹ tí o kò lè fi sẹ́nu ara rẹ, má fi sẹ́nu ẹja. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá pò ó, òun ni yóò tọ́ ọ wò. Nílé wa, a kì í gbé ìjẹ lọ sódò láìtọ́ ọ wò.

Ibi tí mo ti ń sá fún láti àárọ̀ ni mo dé yìí. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ wo ewúrẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan.

O kò tíì pé ọmọ ọdún méje. A ṣẹ̀ṣẹ̀ di ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, ẹnu àwọn èèyàn kò tíì mọ́ ọn lára. Igbá tí mo fi ń kó ìjẹ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wo ẹ̀yìn ilé, mo rí agolo oògùn kòkó tó ti tán, oògùn tí à ń pò mọ́ omi fi fín kòkó nítorí kòkòrò. Agolo tó dára ni, irin rẹ̀ le, ọmọrí rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo da omi gbígbóná sí i lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a sóòrùn fún odidi ọ̀sẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá rẹ gbé e sí imú, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Agolo yìí ṣì ń rùn, mèé fẹ́ ẹ nínú ulé mi." Mo ní imú rẹ̀ ló ń rùn. Mo rò pé mo fi ọgbọ́n rí nǹkan ọ̀fẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo da epo gbígbóná lé gààrí àti irú nínú agolo yẹn, mo dé e. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo ń kánjú, mo ń tún okùn ìwọ̀ so. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi pò ó. Ó pò ó, ó fi díẹ̀ sẹ́nu gẹ́gẹ́ bí òfin ilé wa. Ó yọ ojú sí mi. Ó ní, "Bàbá Mọ́dúpẹ́, ìjẹ yìí é dáa lẹ́nu mi. Ó ń ta mí láhọ́n."

Mo ní, "Irú ló ń ta ọ́. Tún un tọ́ wò dáadáa, má fi ẹnu ẹyẹ tọ́ ọ."

Mọ́dúpẹ́, ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ nínú ọkàn mi lójoojúmọ́ láti ọdún méjìdínlógún. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ìṣù tó tó èkùrọ́ kan, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, nítorí àtifi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, "Mo jẹ ẹ́. Máa lọ bá orogún mi." Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo kó ìwọ̀, mo lọ.

Mo jókòó létí odò títí di ọ̀sán. Ẹja kan kò fẹnu kan ìjẹ náà. Wọ́n ń sún mọ́ ọn, wọ́n ń padà. Èmi ń bú wọn. Igbe aládùúgbò wa kan ni mo gbọ́ láti òkè, pé kí n máa bọ̀ nílé.

Mo bá ìyá rẹ nílẹ̀ níwájú ilé ìdáná, gìrì mú un, ó ń jà fitafita, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti gbé ọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn èèyàn dúró yí i ká, wọ́n jìnnà sí i, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, nítorí wọ́n gbà pé ìfófòó onígìrì máa ń ran ẹni tó bá kàn. Ẹnì kan láàárín wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé, "Wárápá ni." Èmi ni mo gbé e. A rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Ìjerò, a gbé e dé ọsibítù. Dókítà náà kò fi àkókò ṣòfò. Ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ó ń bi mí, "Kí ló jẹ? Ṣé ó fọwọ́ kan oògùn kankan? Oògùn oko ńkọ́?"

Mo ti mọ̀. Inú ọkọ̀ ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ méjèèjì dúró lẹ́yìn mi, ojú wọn pupa, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí. Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ̀bà ló jẹ." Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún ní ẹ̀bà ni.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí ìyá rẹ fi kú. N kò mọ̀ bóyá wọn ì bá rí i gbà là ká ní mo sọ òtítọ́. Ìyẹn ni n kò mọ̀, n kò sì ní mọ̀ láyé yìí. Bó bá jẹ́ agolo nìkan ni, mo lè pe ara mi ní òmùgọ̀ kí n sì sùn. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ẹ̀bà tí mo sọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn.

Nítorí pé wọ́n ní wárápá ni, wọ́n sun aṣọ rẹ̀ àti ẹní rẹ̀, wọ́n kó ìkòkò rẹ̀ lọ sọ sígbó. Ìdí nìyẹn tí o kò fi ní ìró ìyá rẹ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Nígbà tí o bi mí lọ́mọdé pé ibo ni aṣọ màámi wà, mo ní eku ló jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn kan láti Àràmọ̀kọ wá tọrọ àbúrò ìyá rẹ, Àǹtí Bísí rẹ tó tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wárápá, wọ́n kó ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ó dàgbà nílé títí ó fi di ìyàwó kẹta fún àgbàlagbà. Nísinsìnyí, ó ti kàn ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ogún.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ikú ìyá rẹ kí ọ̀gá àgíríìkì kan tó wá bá àwa olóko kòkó ṣèpàdé ní Ìjerò. Ó ní kí a máa ri agolo oògùn mọ́lẹ̀ nígbà tó bá tán, kí ẹnikẹ́ni má fi bu omi, má fi rọ epo. Ó ní omi kì í fọ oògùn yẹn kúrò lára irin, pé epo ló ń fà á jáde. Àwọn èèyàn ń mi orí. Mo dìde, mo jáde síta.

Ìmọ̀ràn tí n óò fún ọ nínú èyí kò pọ̀. Bí ohun tó o fi sẹ́nu bá ń ta ọ́ láhọ́n, tu ú dànù, ì báà jẹ́ ẹni tí o fẹ́ràn jù ló ní kí o gbé e mì. Bí obìnrin ilé rẹ tàbí ọkùnrin ilé rẹ bá sọ pé nǹkan kan ń rùn, má bi í pé ṣé imú rẹ̀ kọ́. Bí o bá ti ṣe àṣìṣe, tí ẹni tó lè tún un ṣe sì ń bi ọ́ léèrè, dáhùn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò lù ọ́ pa lẹ́yìn ìdáhùn. Níbi iṣẹ́ rẹ, bí ẹja bá kú nítorí ohun tí o ṣe, kọ ọ́ sínú ìwé ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló kú sínú rẹ̀.

N óò dá gègé dúró síbí. N kò ní fi ìwé yìí ránṣẹ́ báyìí. Àwọn ibì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dé ná.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Mo ti dé gbogbo ibi tí mo ní láti dé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá Àǹtí Bísí rẹ ní Ìjerò. Ó ń yan gààrí. Mo kúnlẹ̀ níwájú ààrò, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dá ọwọ́ dúró. Gààrí ìkòkò yẹn jóná, kò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọjọ́ tí àwọn ará Àràmọ̀kọ wá, ṣebí ùwọ jókòó síbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n máa lọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tó bú sẹ́kún, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn é mọ̀ ọ́. Wọn é mọ ohun tó ṣe ọ́ láti ọjọ́ yìí." N kò lè padà sínú ilé, n kò sì lè lọ. Mo jókòó sí ìta títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.

Lánàá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹfọ̀n. Mo bá bàbá Akin nílé, àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ le, àgbẹ̀ ni, ilé wọn sì jẹ́ ilé Ògún láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀ méjì jókòó. Mo sọ ọ́. Mo ní ìyá ọmọ mi kò ní wárápá rí, ìyá rẹ̀ kò ní, bàbá rẹ̀ kò ní. Mo ní èmi ni mo fi agolo oògùn kòkó ṣe ìjẹ ẹja, èmi ni mo ní kó tún un tọ́ wò, èmi ni mo purọ́ fún dókítà. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà ní, bóyá mo kàn ń wá bí ọmọ mi yóò ṣe rí ọkọ fẹ́ ni. Mi ò bínú. Bí mo bá jẹ́ òun, ohun tí n óò sọ nìyẹn.

Bàbá náà dìde, ó lọ mú àdá wá láti ìdí Ògún wọn, ó gbé e síwájú mi. Mọ́dúpẹ́, o mọ̀ pé mo jẹ́ àgbà ìjọ. Mo mọ ohun tí àlùfáà wa yóò sọ bó bá gbọ́. Mo gbé àdá náà, mo fi ahọ́n kàn án, mo sì búra. Ibi tó yẹ kí n ti sọ òtítọ́ ti kọjá láti ọdún méjìdínlógún.

Bàbá náà ní, "Ọ̀rọ̀ wárápá tán lónìí nínú ulé yìí. A ti gbọ́." Ó wá bi mí, "Ọmọ ọ ti gbọ́ bí?"

Mo ní rárá.

Ó wò mí. Ó ní, "Kí ọmọ gbọ́ ikú yèyé ẹ̀ lẹ́nu àjèjì, ìyẹn é dáa. Lọ sọ fún un. Bó bá gbọ́, kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ̀wé sí Akin pé òun ti gbọ́. Ìgbà yẹn la ó wá tọrọ ẹ̀. Ulé tí a ó wá bá, òun ni kó sọ fún wa. Bó ní ulé ọ ni, a ó wá bá ọ. Bó ní ulé àwọn ẹ̀gbọ́n yèyé òun ni, ibẹ̀ la ó lọ, ùwọ é níí bá wa jókòó."

Mo ní ó dáa. Wọ́n fún mi lómi, mo mu ún, mo wọ ọkọ̀ padà.

Nítorí náà, ọmọ mi, kò sí àrùn kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Fẹ́ Akin bí o bá fẹ́ ẹ, bí ọkọ tó ń dákẹ́ tí ẹbí rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ kò bá bà ọ́ lẹ́rù. Bi í léèrè ìdí tó fi dákẹ́. Mo mọ ohun tí ìdákẹ́ ọkùnrin lè ṣe nínú ilé.

Ní ti èmi, n kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o foríjì mí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi tọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀tàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ìyá rẹ fẹ́ràn mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, n kò sì fẹ́ kí ó sọnù mọ́ èyí tó kù.

Má kánjú dáhùn. Sunkún ìyá rẹ ná. O kò sunkún rẹ̀ bó ti yẹ rí, torí pé n kò jẹ́ kí o mọ ẹni tí ò ń sunkún fún. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí Akin. Bí o bá ní ilé àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni kí wọ́n lọ, n óò kó iṣu àti ewúrẹ́ tí mo ti ń sìn de ọjọ́ náà lọ fún wọn, n óò gbé e sẹ́nu ọ̀nà, n óò sì padà sílé. Bí o bá ní ilé tèmi ni, n óò gbá iwájú ilé.

Èmi ni bàbá rẹ, títí di ọjọ́ tí o bá sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.